Ìwé Tí Àríyànjiyàn Wà Lórí Rẹ̀ Nínú Ilé Ìkàwé

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ dáadáa kò ní bèèrè ìtumọ̀ òwe yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ọ̀nà Bẹ́yẹrúnkà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Màpó náà yóò bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì dé ọjà tán, ohun tí olúkúlùkù wá rà yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkan wá ra èlùbọ́, òmíràn wá ra aṣọ, òmíràn sì wá ra ewé àti egbò. Ìyálọ́jà kò lè tìtorí pé òun kì í jẹ ẹ̀fọ́ yánrin kí ó lé ẹni tí ń tà á kúrò lọ́jà. Bí ilé ìkàwé tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ti rí gan-an nìyẹn. Ọjà ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ inú ìwé ti lè dun ènìyàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ó yẹ kí a mọ bí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ti ń ṣe é nígbà tí ìwé kan bá dé tí apá kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé e wọlé, tí apá kejì sì ń pariwo pé kí wọ́n sun ún níná.

Ìwé tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ìwé burúkú dandan. Ìwé tí ó mú kí àwọn ènìyàn ṣe ara wọn ní ọ̀rọ̀ ni. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni ìwé ìtàn. Nínú rẹ̀ ni a ti ń sọ ẹni tí ó tẹ ìlú dó, ìdílé tí ó ni oyè, ẹni tí ó ṣẹ́gun àti ẹni tí ó sá lójú ogun. Ìdílé tí ìtàn náà gbè yóò máa yọ̀. Ìdílé tí kò gbè yóò ní irọ́ funfun báláú ni. Èkejì ni ìwé òṣèlú, nínú èyí tí òǹkọ̀wé ti ń yin ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí ó sì ń bu ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni ìwé tí ó kan ẹ̀sìn àti ìwà ọmọlúwàbí, irú èyí tí àwọn òbí àti àwọn olórí ẹ̀sìn máa ń kọminú sí.

Kí a tó mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń rí àyè jókòó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọ ilé ìkàwé. Ọ̀nà mẹ́rin ni. A lè fi owó ra ìwé. A lè gbà á ní ẹ̀bùn. A lè fi ìwé tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ilé ìkàwé mìíràn. Òfin sì lè pa á láṣẹ pé kí a fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọ̀nà kẹrin yìí ní ìtàn pàtàkì ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1950, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn tí ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1964. Òfin tí ìjọba tún ṣe ní ọdún 1970 sọ pé kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i láàárín oṣù kan. Méjì yóò wà níbẹ̀ títí láé, ẹ̀kẹta yóò sì lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò bèèrè bóyá ìwé náà dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ìdí rẹ̀ nìyí: iṣẹ́ irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ ni láti pa gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kan kọ mọ́, ìbáà dára, ìbáà má dára. Àwọn ìwé kéékèèké tí wọ́n ń tà ní ọjà Oníṣà nígbà náà jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì inú wọn kò gún, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú wọn pọ̀ jù. Síbẹ̀ a kó púpọ̀ nínú wọn pamọ́. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ òkèèrè ń kà wọ́n kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà ń rò, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, àti irú ayé tí wọ́n ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé àdúgbò kò lè gba ohun gbogbo. Owó rẹ̀ kò pọ̀, pẹpẹ rẹ̀ kò sì gùn dé ọ̀run. Dandan ni kí ó ṣa ìwé. Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti le, nítorí pé ẹni tí ń ṣa ìwé lè fi ojú-ṣàájú ṣe é láìmọ̀. Ní ọdún 1953, Àjọ UNESCO pe àpéjọ ńlá kan sí Ìbàdàn lórí bí a ó ti mú ilé ìkàwé gbogbogbòò gbèrú ní Áfíríkà. Ọdún kejì rẹ̀, 1954, ni a dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní ọdún 1953 kan náà, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Lester Asheim kọ̀wé lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ń ṣa ìwé àti ẹni tí ń fòfin de ìwé. Ẹni tí ń ṣa ìwé, ó ní, ìdí tí òun yóò fi gbà á wọlé ni ó ń wá; ẹni tí ń fòfin de ìwé, ìdí tí òun yóò fi jù ú síta ni ó ń wá. Bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ kọ ìwé kan náà sílẹ̀, ọkàn tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ kò rí bákan náà.

Nítorí náà, olùtọ́jú ilé ìkàwé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè díẹ̀. Ṣé ẹni tí ó kọ ìwé yìí mọ ohun tí ó ń sọ? Ṣé ó sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ? Ta ni ó nílò ìwé yìí ní ìlú wa? Ṣé a ti ní ìwé tí ó sọ ti apá kejì? Bí ogún ọdún bá kọjá, ṣé yóò wúlò? Kò sí èyí tí ó bèèrè nínú wọn pé, ‘Ṣé èmi fúnra mi fara mọ́ ọn?’ Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ìkàwé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ apá kan ṣoṣo ti di àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àpẹẹrẹ láti ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, tí ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ kí ó tó lọ sí Ọ̀yọ́, kọ ìtàn àwọn Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1897. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó ní ọdún 1899 kí a lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú rí iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam tí ó gbé e bọ́ sí ọwọ́ àwọn Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, lẹ́yìn tí Dókítà náà pàápàá ti kú.

Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé títí di òní. Síbẹ̀ kò sí ìgbà tí àríyànjiyàn kò sí lórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú mìíràn ní ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, pé ó gbé Ọ̀yọ́ ga, ó sì fi ti àwọn yòókù sí ẹ̀yìn. Kí ni kí ilé ìkàwé ṣe? Kí ó ha gbé ìwé náà jù síta nítorí pé ó dun àwọn kan bí? Rárá o. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó wá ìwé àwọn ẹlòmíràn kún un. Ní ọdún 1911, ọdún mẹ́wàá kí ti Johnson tó jáde, Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá. Akínyẹlé yìí kan náà ni ó wá di Olúbàdàn ní ọdún 1955, tí ó sì wà lórí oyè títí di ọdún 1964. Bí ìwé àwọn méjèèjì bá jókòó ti ara wọn lórí pẹpẹ kan, òǹkàwé yóò kà wọ́n, yóò fi wọ́n wé ara wọn, yóò sì fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ ti òṣèlú. Ní ọdún 1952, Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Màpó dé gbogbo Ìwọ̀-oòrùn, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní ‘Africa in Ebullition’. Ìwé gbígbóná ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti jẹ́ ènìyàn gbígbóná. Ní ọdún 1952 kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ta ko tirẹ̀ gba ìjọba Ìwọ̀-oòrùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò olùtọ́jú ilé ìkàwé tí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ń san owó oṣù fún. Ṣé yóò ra ìwé ọ̀tá ọ̀gá rẹ̀? Bí ó bá bẹ̀rù, tí kò rà á, ta ni yóò mọ̀? Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ohun tí ó sì léwu jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìwé tí a sun níná, gbogbo ayé ni yóò rí èéfín rẹ̀. Ìwé tí a kò rà kì í rú èéfín. Adélabú kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1958. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn mẹ̀kúnnù Ìbàdàn fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò ní láti ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀tá tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nípa rẹ̀ nìkan.

Ọdún 1952 yìí náà ni ìwé Amos Tutùọlá tí ń jẹ́ ‘The Palm-Wine Drinkard’ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òyìnbó yìn ín gidigidi. Nílé, ojú ti àwọn alákọ̀wé kan. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, wọ́n ní yóò sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́. Tutùọlá wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ìlú yìí náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1997. Nígbà náà, ìwé tí wọ́n ń tijú rẹ̀ ti di ohun tí a ń kọ́ ní yunifásítì káàkiri àgbáyé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí olùtọ́jú ilé ìkàwé bá fi ìtìjú òní ṣe ìdájọ́ ìwé, yóò jí ogún ọ̀la gbé.

Rírà nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Bí ìwé bá dé, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá tí a ń kọ àwọn ìwé tuntun sí, a ó fi òǹtẹ̀ lù ú, a ó sì kọ káàdì fún un: ọ̀kan lórúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀kan lórúkọ ìwé, ọ̀kan lórí ohun tí ìwé náà dá lé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káàdì, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yí padà. Lẹ́yìn èyí ni a ó fún ìwé náà ní nọ́ḿbà tí yóò fi ibi tí yóò jókòó hàn. Ní ọdún 1876, Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 999. Ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9, ọ̀rọ̀ òṣèlú wà ní 320, ẹ̀sìn wà ní 200.

Ẹnìkan lè rò pé nọ́ḿbà kì í ṣe ojúṣàájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ètò Dewey, ẹ̀sìn Kírísítì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àyè ẹ̀sìn, láti 220 dé 280. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà ní 297 nìkan, ẹ̀sìn àwọn ènìyàn Áfíríkà sì wà ní 299.6. Bẹ́ẹ̀ ní Ọjà'ba, àtẹ Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti onísẹ̀ṣe ń bá ara wọn gbé láìsí pé ọ̀kan gba àyè mẹ́sàn-án lọ́wọ́ èkejì. Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìwé kan lórí Ifá. Bí ẹni tí ń kọ káàdì bá fi í sí 133.3, àárín àwọn ìwé aláfọ̀ṣẹ àti awòràwọ̀ ni yóò jókòó sí. Bí ó bá fi í sí 299.6, a ti gbà pé ẹ̀sìn ni. Bí ó bá fi í sí 896.333, níbi tí lítírésọ̀ Yorùbá wà, a ti gbà pé ewì àti ọgbọ́n ni. Ìwé kan náà ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Síbẹ̀ ojú tí ọmọdé tí ó bá rí i yóò fi wò ó yóò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń to ìwé gbọ́dọ̀ ka ìwé náà kí ó mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, kí ó sì kọ káàdì atọ́ka sí àwọn ibòmíràn tí òǹkàwé lè wá a dé.

Òfin pàtàkì kan wà níbí: káàdì a máa sọ ohun tí ìwé dá lé, kì í sọ bóyá ìwé dára tàbí kò dára. Kò yẹ kí a kọ ‘ìwé èké’ tàbí ‘ìwé kèfèrí’ sára ìwé. Bákan náà, ó ní ìwé tí a lè tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé ẹyọ kan ni, tàbí pé ó ti gbó, tàbí pé àwọn olè ń já ewé inú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí káàdì rẹ̀ bá wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, tí ẹni tí ó bá bèèrè sì lè kà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ìwé mọ́lé, tí a sì yọ káàdì rẹ̀ kúrò, a ti sin ín láàyè.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé kò sí ààlà? Ààlà wà. Ìwé àgbàlagbà kò yẹ ní pẹpẹ àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ilé ẹjọ́ bá sì pàṣẹ pé kí a má ta ìwé kan nítorí pé ó ba ènìyàn lórúkọ jẹ́, a kò gbọ́dọ̀ ṣàìgbọràn. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ pàápàá lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1983, ilé ẹjọ́ kan dá Arthur Nwankwo lẹ́bi nítorí ìwé tí ó kọ nípa ìṣèjọba gómìnà Ìpínlẹ̀ Anambra, ó sì ní kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u sílẹ̀, ó sì sọ pé òfin tí a fi mú un kò bá òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu. Ilé ìkàwé tí ó bá ti yára ya ìwé náà dànù yóò kábàámọ̀.

Bí ẹnìkan bá wá fi ẹ̀sùn kan ìwé, a kì í bá a jà, a kì í sì í fi ìbẹ̀rù gbé ìwé náà pamọ́. A ó ní kí ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sọ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn ènìyàn bíi mẹ́ta tàbí márùn-ún yóò ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn yóò sì fún un ní èsì. Títí a ó fi parí ẹjọ́, ìwé náà yóò wà lórí pẹpẹ. Bí baálé tí ó gbọ́n ti ń ṣe nìyẹn: kì í dá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lẹ́bi kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹjọ́ àwọn tí ń bínú náà wúwo. Àgbà kan ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà lè wí pé, ‘Ẹni tí ó bú bàbá ńlá wa nínú ìwé mọ̀wé, àwa kò mọ̀wé. Irọ́ rẹ̀ yóò wà títí láé, òtítọ́ tiwa yóò bá wa wọ ilẹ̀.’ Òtítọ́ ni ó sọ. Bí ọ̀ràn oyè tàbí ti ilẹ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ìwé tí a tẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ gbé jáde. A kò lè fi sísun ìwé wo àrùn yìí sàn. Ohun tí yóò wò ó sàn ni kí ilé ìkàwé jáde lọ wá ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kọ̀wé: kí ó gba ìwé kékeré tí ìdílé tẹ̀, kí ó gba àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, kí ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ó sì kọ káàdì fún wọn bí ó ti kọ fún Johnson.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ní ipa nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹ bá ka ìwé kan tí ó bí yín nínú, ẹ má ṣe fa ewé inú rẹ̀ ya. Ẹ wá èyí tí ó ta kò ó, kí ẹ kà á. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jókòó ti bàbá àti ìyá yín àgbà, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìkàwé. Bí Samuel Johnson kò bá ti tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí àbúrò rẹ̀ ìbá rí fi tún ìwé náà kọ nígbà tí àkọ́kọ́ sọnù.

ÌBÉÈRÈ
1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí ìwé ń gbà wọ ilé ìkàwé. Èwo nínú wọn ni kò fi àyè sílẹ̀ fún ojúṣàájú? Sọ ìdí rẹ̀.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń ṣa ìwé àti ẹni tí ń fòfin de ìwé?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: ‘Ìwé tí a kò rà kì í rú èéfín.’
4. Ibi mẹ́ta wo ni a lè fi ìwé Ifá sí nínú ètò Dewey? Èwo ni ìwọ yóò yàn, kí sì ni ìdí rẹ?
5. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ‘Ó sàn kí a fi ìwé dá ìwé lóhùn ju kí a fi iná dá a lóhùn.’